Ṣáàtì tó pé, abiyamọ tó ń ṣẹ̀jẹ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ìlú tó wà, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì ń jẹun níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, agbẹ̀bí sì ni mí pẹ̀lú. Ọdún 16 ni mo lò ní wọ́ọ̀dù kí wọ́n tó ní kí n wá máa bójú tó ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ka ìdára iṣẹ́. Ẹ̀ka náà ò ju yàrá kékeré kan lọ: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àti èmi. Iṣẹ́ mi ni láti rí i pé ilé ìwòsàn náà gba ìwé-ẹ̀rí ìpegedé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní àkírẹdítéṣàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ni mo kọ àkọsílẹ̀ yìí fún, àti àwọn tó wà nípò tí mo wà nígbà náà, nítorí ọwọ́ mi wà nínú ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí àwọn ọ̀gá fi ń wá ìwé-ẹ̀rí náà lójú méjèèjì. Ìwé àṣẹ ìjọba lọ́tọ̀, ìwé-ẹ̀rí ìpegedé lọ́tọ̀. Ìwé àṣẹ ni ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún ilé ìwòsàn kí ó tó lè ṣílẹ̀kùn. Ní Èkó, HEFAMAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà lórí ilé ìwòsàn, ló ń mójú tó o. Ìwé-ẹ̀rí ìpegedé ní tirẹ̀, ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló ń lọ bá àwọn olùyẹ̀wò, tó ń sanwó fún wọn pé kí wọ́n wá yẹ òun wò. JCI ti Amẹ́ríkà wà, COHSASA ti South Africa wà, SafeCare náà sì wà, èyí tí àjọ PharmAccess bá àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn gbé kalẹ̀ ní 2011 fún irú àwọn ilé ìwòsàn tiwa tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn, tó sì ń tò wọ́n láti ipele 1 dé 5. Ẹni tó bá ní ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ máa ń rójú bá àwọn HMO, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera, dúnàádúrà. Láti ìgbà tí òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà, kò sí ilé ìwòsàn aládàáni tí kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn HMO ni oúnjẹ ọ̀la wà.

Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Bí èèyàn bá ka àwọn ìlànà náà dáadáa, ohun tí nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́ ló wà níbẹ̀. Kí a mọ aláìsàn dájú kí a tó fún un lóògùn, kì í ṣe ká kàn pe orúkọ kí ẹni tó bá dáhùn gbé e mì. Kí dókítà tó bá pàṣẹ lórí fóònù dúró kí nọ́ọ̀sì tún àṣẹ náà kà fún un. Kí omi wà ní ibi ìfọwọ́. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lọ̀ mí, inú mi dùn débi pé n kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Wọ́ọ̀dù abiyamọ ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Ibùsùn 22 ló wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì mẹ́rin. Lóru, méjì péré, àti ìyá kan tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tó bímọ fúnra wọn wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wà níbẹ̀, àwọn tí oyún ń yọ lẹ́nu náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe nọ́ọ̀sì rí mọ̀ pé abiyamọ 22 kì í ṣe èèyàn 22. Ọmọ tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn tí òun náà ń fẹ́ ìtọ́jú, ìyá ọkọ sì wà lórí àga tó ń béèrè ìdí tí ọmọ fi ń sunkún.

Àwọn ọ̀gá gba olùdámọ̀ràn kan. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n àwọn fọ́ọ̀mù tó kó wá, láti ilé ìwòsàn ńlá kan lókè òkun ni wọ́n ti wá, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń tọ́jú aláìsàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí akọ̀wé wọ́ọ̀dù sì wà tó ń bá wọn to fáìlì. A yọ orúkọ wọn kúrò lókè ìwé, a fi tiwa sí i, a tẹ̀ ẹ́, a pín in. Kí ó tó dé, fọ́ọ̀mù 8 ni nọ́ọ̀sì ń kọ fún abiyamọ tó bá wọlé. Nígbà tó dé, ó di 19.

Ọ̀kan ń béèrè bóyá obìnrin náà lè ṣubú. Òmíràn ń béèrè bóyá egbò ibùsùn lè yọ lára rẹ̀, ọmọ ọdún 24 tí yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ilé ìwẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òmíràn jẹ́ ti ìrora, òmíràn ti oúnjẹ, òmíràn ti ohun tí a kọ́ ọ, òmíràn kí ó fọwọ́ sí i pé a kọ́ ọ. Orúkọ, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà fáìlì, ẹ̀ẹ̀mọkàndínlógún. Oògùn tí ara aláìsàn kò gbà, ibi mẹ́fà la ti ń kọ ọ́. Mo fi ojú ara mi rí fáìlì kan tí ibi márùn-ún nínú rẹ̀ sọ pé kò sí oògùn tí ara obìnrin náà kọ̀, tí ibi kẹfà sì sọ pé penicillin. Ibi mẹ́fà tí a ní ká fi dáàbò bò ó, ibẹ̀ gan-an ni ewu sá pamọ́ sí.

Èyí tó tẹ̀lé e, èmi ni mo ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, mo máa ń mú fáìlì mẹ́wàá ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ka àwọn àlàfo tí wọn ò kọ nǹkan sí, mo máa ń ṣírò rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún, mo sì máa ń lẹ ìwé náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì. Báírò pupa ni mo fi ń kọ orúkọ àwọn tí àlàfo wọn pọ̀ jù. Lóṣù kẹta, àwọn ọ̀gá ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde lẹ́ẹ̀mejì yóò gba kúẹ̀rì. Lóṣù kẹrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú owó oṣù. Mo gbọ́, mo dákẹ́.

Sísítà àgbà tó ń darí wọ́ọ̀dù náà dá mi dúró ní kọ́ríḍọ̀ lọ́jọ́ kan. A jọ wọṣẹ́ ni, òun nìkan ló ṣì ń pè mí ní orúkọ àbísọ mi. Ó ní, “Àwọn ọmọ yìí ń fọwọ́ kan ìwé ju bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan aláìsàn lọ. Obìnrin kan pe nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta lánàá pé ọmọ òun ò mú ọmú. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́. Kò lè dìde, torí ó ti gba kúẹ̀rì kan, èyí tó wà níwájú rẹ̀ ò tíì pé.” Mo fún un ní èsì tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì: ohun tí o kò bá kọ sílẹ̀, o kò ṣe é. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, níwájú adájọ́ pàápàá. Ohun tí wọn ò kọ́ wa ni ìdàkejì rẹ̀, pé a lè kọ ohun tí a kò ṣe sílẹ̀.

Láàárín oṣù márùn-ún, wọ́ọ̀dù abiyamọ kúrò ní ìdá 61, ó di 97. MD, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa, kí mi níwájú gbogbo àwọn olórí ẹ̀ka. Mo yọ̀. Ó yẹ kí n ti fura. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ń já sí 120/80 tàbí 118/76. Ti aago mẹ́wàá alẹ́, ti aago méjì òru àti ti aago mẹ́fà ìdájí, báírò kan náà, ìkọ̀wé tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, bí ìgbà tí èèyàn jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọ gbogbo rẹ̀. Agbẹ̀bí ọdún 16 ni mí. Mo mọ̀ pé ara èèyàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 97 ni mò ń wò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn olùyẹ̀wò dé. Alẹ́ Ọjọ́rú ni. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìgbà kejì tí wọ́n máa fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ nìyẹn. Ó ti padà sí wọ́ọ̀dù kí aago mẹ́fà tó lù. Ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì lọ sí tíátà lọ gba aláìsàn mìíràn. Ó wá ku ẹnì kan, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó gba ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì. Ó ro ohun tó wà níwájú rẹ̀: abiyamọ mẹ́rin tó ṣiṣẹ́ abẹ, ọmọ kan tí ara rẹ̀ gbóná, oògùn aago mẹ́wàá, àti fọ́ọ̀mù. Ó jókòó, ó kọ ìfúnpá aago mẹ́wàá àti ti mẹ́wàá àbọ̀ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí aago mẹ́wàá tó lù, kí ó lè ráyè dìde. Ó kọ 118/76 fún obìnrin yẹn, ó kọ 82 sí ibi tí a ń kọ ìlù ọkàn sí. Lẹ́yìn náà ló wá dìde lọ bá ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

Ìyá ọkọ obìnrin náà ló wá pè é. Ìyá náà kò pariwo. Ó rọra wá, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ìyàwó mi. Ó ń yán ṣáá. Ara rẹ̀ sì tutù bí omi àmù.”

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 12. Láti iwájú, kò sí ohun tí ojú rí. Aṣọ tó fi bora mọ́ tónítóní. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀, tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ ibùsùn gba ẹ̀yìn lọ, ó ti wọ inú tìmùtìmù. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 84/50. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní 132. Ilé ọmọ rẹ̀ rọ̀ bí àkàrà tó rin omi.

Ohun tí ọmọbìnrin náà ṣe láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, mi ò rí àléébù kankan nínú rẹ̀, dókítà pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Ó pariwo fún ìrànlọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra ilé ọmọ náà láti òkè ikùn, ó ní kí ìyá olùrànlọ́wọ́ pe dókítà, ó ṣí omi sí iṣan apá rẹ̀ méjèèjì, ó fa oxytocin tó ń mú ilé ọmọ le, ó gbé tranexamic acid tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró jáde kí dókítà tó dé. Wọ́n gbé obìnrin náà padà sí tíátà. Páìntì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Wọn ò yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ó lọ sílé lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibiṣẹ́ ní òwúrọ̀, kò tíì tó aago mẹ́jọ, ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí etí apá rẹ̀. Ó gbé ṣáàtì, ìwé tí a ń kọ ìfúnpá sí, lé orí tábìlì. Ó ti fa ìlà kan ṣoṣo gba orí 118/76, ó kọ 84/50 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ aago, ó fọwọ́ sí i. Ó ní, “Àǹtí, mi ò wọ̀n ọ́n. Mo ti kọ ọ́ kí aago tó lù. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mà.”

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni àwọn olùyẹ̀wò. Kì í ṣe obìnrin náà, kì í ṣe ọmọbìnrin tó dúró níwájú mi. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni irú ìrònú bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá sí lọ́kàn, ẹni tó bá wà lórí irú àga yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé yóò wá, kó lè mọ ohun tó máa fi ṣe. Mo ní kí ó jókòó. Mo ra tíì fún un. A jọ dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìpàdé àwọn ọ̀gá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fẹ́ dá ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kan dábàá pé ká da ṣáàtì náà kọ sí òmíràn tó mọ́, kí àwọn olùyẹ̀wò má baà mú fáìlì yẹn. Mátírọ́nù àgbà ló dáhùn, ìyá tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Ọmọ yìí ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé òótọ́ wá. Bí ẹ bá lé e, ta ló tún máa sọ òótọ́ fún yín nínú ilé yìí? Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ṣáàtì yẹn, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la máa jọ dé ọ̀dọ̀ Nursing Council.” Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi náà wá sọ̀rọ̀. Mo sọ pé ìwé tó wà lára ògiri, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, ìdá 97 tí wọ́n torí ẹ̀ kí mi, n kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀. MD náà rorí díẹ̀, ó sì gbà pé ká sún àyẹ̀wò náà síwájú. Owó tó pọ̀ bá a lọ. Mo gbà fún un, nítorí kò rọrùn fún un.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo já ìwé náà kúrò lára ògiri ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kejì, a pe àwọn nọ́ọ̀sì jọ láìsí ọ̀gá kankan níbẹ̀ àfi Mátírọ́nù. Wọn ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú ẹni tó ti gba kúẹ̀rì rí kì í tètè là. Mátírọ́nù ló bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ohun kan tí òun alára ṣe nígbà tí òun jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ìgbóná ara aláìsàn kan tí òun kọ láìwọ̀n, àti orúkọ tí aláìsàn náà ń jẹ́, tí òun kò gbàgbé títí di òní. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lanu sọ̀rọ̀. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ní wákàtí kan àbọ̀, mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án.

Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé òun kò fẹ́ kí iṣẹ́ dára. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọ̀gá pé omi kì í sí, pé ẹ̀rọ ìfúnpá kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, pé èèyàn méjì kéré lóru, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. Ó wá di ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, wọ́n kun ògiri lọ́dà, wọ́n ra àga tuntun sí ibi tí àlejò máa jókòó, wọ́n sì ní nọ́ọ̀sì ni kò ṣe dáadáa.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀. Mo ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìgbà márùn-ún tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí a máa fọwọ́, nítorí ìṣirò mi fi hàn pé ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kì í fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Nígbà tí mo wá lọ dúró sí ìdí ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù náà fúnra mi ní aago kan ọ̀sán, mo ṣí i, afẹ́fẹ́ ló jáde. Wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ láti aago méjìlá dé aago mẹ́rin kí dísẹ́lì má baà tán, omi tó wà nínú táǹkì kò sì tó dé aago kan. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta! A gbé táǹkì kejì, apòògùn wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í po ọtí ìfọwọ́ fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí WHO tẹ̀ jáde fún àwọn ilé ìwòsàn. Kò náwó tó iye tí a ń ra ti inú ike. N kò tún ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan lórí rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́.

Ti àwọn fọ́ọ̀mù ló gba àkókò jù. A tẹ́ àwọn mọ́kàndínlógún náà sórí tábìlì gígùn ní yàrá ìjẹun. Sísítà àgbà wà níbẹ̀, ọmọbìnrin alẹ́ yẹn wà níbẹ̀, dókítà kan wà níbẹ̀, apòògùn náà wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo la bi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló ń kà á? Mẹ́fà wà tí kò sẹ́ni tó ń kà á rí, àfi èmi ní ọjọ́ Ajé. Ìgbà yẹn ni mo padà lọ gbé ìwé ìlànà náà gan-an, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò béèrè fọ́ọ̀mù 19 níbì kankan. Ó ní kí a yẹ aláìsàn wò nígbà tó bá wọlé, kí a mọ ewu tó kàn án, kí a sì lè fi hàn pé a ṣe é. Iye ìwé tí a máa fi ṣe é, àwa la yàn án. Àwa la di ẹrù náà, a wá ní olùyẹ̀wò ló gbé e lé nọ́ọ̀sì lórí.

Ó di fọ́ọ̀mù 7. Oògùn tí ara aláìsàn kò gbà, ibi kan ṣoṣo, níwájú fáìlì, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Ìgbóná firíìjì oògùn di iṣẹ́ àwọn apòògùn. Ìwé ilé ìwẹ̀ di ti olórí àwọn agbálẹ̀. Tírọ́lì pàjáwìrì, tí nọ́ọ̀sì máa ń ka ohun 40 inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́, a fi okùn rọ́bà tó ní nọ́ńbà dì í. Tí okùn kò bá já, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa kọ. Tó bá já, tàbí tí oṣù bá pé, ni wọ́n á tú u wò. Àwọn nọ́ọ̀sì yọ̀ sí okùn rọ́bà yẹn ju ẹ̀bùn ọdún Kérésìmesì lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dínkù o. Àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn fi nǹkan kún un. Wọ́n ní ní ṣáàtì ẹni tó bá bímọ tàbí tó ṣiṣẹ́ abẹ, kí ìlà kan wà fún pé “mo gbé aṣọ, mo wo abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilé ọmọ.” Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ aṣọ ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n lára, tí a ń tẹ́ sábẹ́ obìnrin tó bá fi ojú ara bímọ láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà. Aṣọ ọ̀rá yìí ni wọ́n lò nínú ìwádìí E-MOTIVE tó jáde ní 2023, ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, níbi tí ìṣẹ̀jẹ̀ tó lágbára lẹ́yìn ìbímọ ti dínkù gan-an nítorí pé wọ́n tètè rí i, wọ́n sì ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ni ìyẹn náà, ìwọ̀n ni, ìlànà ni. Kò sí nọ́ọ̀sì tó kùn sí i. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara wọn.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni òfin àlàfo. A kéde pé ẹni tí kò bá wọn ìfúnpá, kó má kọ nọ́ńbà kankan. Kó fi àlàfo sílẹ̀, kó kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kò sì ní gba kúẹ̀rì. Láàárín oṣù kan, ìdá 97 wa wálẹ̀ sí 74. MD pè mí, ó tẹ ìwé náà sórí tábìlì, ó béèrè bóyá mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ní kí ó má wo iye àlàfo, kí ó wo ibi tí wọ́n wà. Lọ́sàn-án, wọn ò tó nǹkan. Láti aago méjìlá òru dé aago mẹ́ta ni wọ́n kóra jọ sí, ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jọra: “Mo wà ní tíátà.” “Mo ń bá obìnrin ibùsùn 9 rọbí.” “Mo dá wà.” Fún ọdún méjì ni Mátírọ́nù ti ń kọ lẹ́tà pé èèyàn méjì kò tó lóru. Lẹ́tà rẹ̀ kò ṣe ohun tí àwọn àlàfo wọ̀nyẹn ṣe. MD kà wọ́n títí dé ìsàlẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, àmọ́ kò dá mi lẹ́kun.

Bí ẹ bá wà nípò tí mo wà, mo bẹ̀ yín, ẹ má so iye àlàfo inú fáìlì mọ́ owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ bá so ó pọ̀ ni fáìlì ti dẹ́kun láti máa sọ̀rọ̀ aláìsàn fún yín. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló ń sọ. Bí iye yín bá ṣàdédé ròkè láìjẹ́ pé ẹnì kan kún àwọn òṣìṣẹ́, ẹ lọ dúró sí wọ́ọ̀dù ní aago kan òru kí ẹ tó gba oríkì. Ẹ fúnra yín ka ìwé ìlànà náà, ẹ má fi ti olùdámọ̀ràn nìkan ṣe. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì sì rèé, mo mọ̀ pé ó rọrùn fún mi láti sọ, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe èmi ni wọ́n máa yọ owó rẹ̀: ẹ má kọ nọ́ńbà tí ẹ kò wọ̀n. Nọ́ńbà tó rẹwà ń dá ẹlòmíràn tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ká ní ìyá ọkọ yẹn sùn lọ ni, ṣáàtì aago mẹ́wàá àbọ̀ ti wà nílẹ̀, ó sì dára.

Àwọn olùyẹ̀wò dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó pẹ̀lú ọmọbìnrin yẹn gan-an, ó ṣí fáìlì, ó fi ìka kan àlàfo aago méjì òru, ó béèrè ìdí. Mo dúró nítòsí, ọkàn mi ń lù kìkì. Ọmọbìnrin náà ní, “Àwa méjì la wà, mà. Èkejì mi wà ní tíátà, mo sì ń gbẹ̀bí. Mo wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́ta kọjá ogún, òun nìyí.” Ìyá náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó ṣí ojú ìwé mìíràn. A gba ìwé-ẹ̀rí náà, pẹ̀lú ohun kan tí wọ́n fi lélẹ̀ pé a gbọ́dọ̀ tún ṣe láàárín oṣù mẹ́fà: iye nọ́ọ̀sì òru ní wọ́ọ̀dù abiyamọ.

Wọ́n gé kéèkì, wọ́n pín fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí. Owó tí wọ́n yọ nínú owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, wọn ò dá a padà. Mo kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta nínú àwọn tó wà ní ìpàdé wa yẹn ti lọ, méjì sí ìlú Ọba, ọ̀kan sí Saudi Arabia. Sísítà àgbà ṣì wà níbẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń fi àlàfo sílẹ̀.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí, orúkọ kẹta wọ ìwé iṣẹ́ òru wọ́ọ̀dù abiyamọ. Ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, tí àwọn olùyẹ̀wò ò mẹ́nu kàn, méjì ni wọ́n ṣì wà.